Ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí: ohun tí míṣíìnì ń sọ, àti ohun tó wà nínú abọ́ wa

Aago méje àárọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n sọ fún màmá mi pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì, mo gún ìka wọn, ẹ̀jẹ̀ yọ bí ẹyọ ilẹ̀kẹ̀ kan, mo fi sítíríìpù, ìwé pélébé tí a ń kì bọ míṣíìnì, kàn án. Míṣíìnì tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ gbé 312 jáde. Ojú màmá mi yí padà. Láti alẹ́ àná, omi nìkan ni wọ́n mu. "Kí ló tún kù tí mi ò tíì yọ kúrò nínú oúnjẹ mi?" ni wọ́n ń wí, ohùn wọn ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo rí èèpo máńgòrò nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó o fún ọmọ-ọmọ wọn tó ń múra ilé ìwé ni. Mo ní kí wọ́n lọ fi ọṣẹ fọwọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ. A tún un yẹ̀ wò: 148.

Omi máńgòrò tó lẹ̀ mọ́ ìka wọn ni míṣíìnì kà mọ́ ẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ò lè dá ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí ẹ jẹ ṣáájú, àti bí ọwọ́ yín ṣe rí. Mo ti rí ẹni tó fi ẹ̀bà sílẹ̀ pátápátá nítorí nọ́ńbà kan, mo sì ti rí ẹni tó da oògùn rẹ̀ nù nítorí nọ́ńbà kan tó dára. Àwọn méjèèjì ló ṣi nǹkan tí míṣíìnì ń wí gbọ́.

Kí ló tiẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara?

Àwọn baba wa ti ní orúkọ fún àìsàn yìí: àtọ̀gbẹ, àìsàn tí èèyàn fi ń tọ̀ títí tí ara rẹ̀ fi ń gbẹ. Wọ́n tún ní àyẹ̀wò tiwọn. Bí èèrà bá ṣù bo ibi tí ẹnì kan tọ̀ sí, wọ́n á ní ṣúgà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ ó máa ń pẹ́ jù kí èèrà tó dé. Kíndìnrín kì í sábà jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀ àfi bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá ti tó nǹkan bí 180. Ẹni tí tirẹ̀ ń jẹ́ 150 láràárọ̀ lè máa tọ̀ kí èèrà kankan má bojú wo ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣúgà ọ̀hún ti ń ba àwọn iṣan tín-ín-rín inú ojú àti inú kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí tí a fi ń gún ìka nìyẹn.

Ẹ ro ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ tí tírélà bá kó ẹrù dé láti òkè Ọya. Ẹrù kún ojú ọ̀nà, àwọn alábàárù ló ń gbé e wọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣúgà tó jáde láti inú oúnjẹ ni ẹrù yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà. Iṣan àti àwọn ẹ̀yà ara tó ń lo ṣúgà ni ìsọ̀. Insulin, omi ara tí ẹ̀yà kan lẹ́yìn ikùn ń pèsè, ni alábàárù. Nínú ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì, èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà ní, alábàárù wà o, ṣùgbọ́n àwọn oníṣọ́ọ̀bù ò tètè ṣílẹ̀kùn fún un mọ́. Nígbà tó bá yá, àárẹ̀ á mú alábàárù fúnra rẹ̀. Nínú oríṣi kìíní, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé tàbí nígbà ọ̀dọ́, alábàárù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, abẹ́rẹ́ insulin ojoojúmọ́ ló sì ń rọ́pò rẹ̀. Kò sí ewé, kò sí oúnjẹ, kò sí àdúrà tí a fi í dá abẹ́rẹ́ yẹn dúró. Oríṣi kejì ni mo ń bá yín sọ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí ọ̀nà bá kún, ẹ lè dín ẹrù tó ń dé lẹ́ẹ̀kan náà kù, oúnjẹ nìyẹn. Ẹ sì lè mú kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù tètè máa ṣílẹ̀kùn: ìrìn ẹsẹ̀ ń ṣe é, kí èèyàn fọn díẹ̀ sí i ń ṣe é, oògùn metformin náà ń ràn án lọ́wọ́. Metformin lè da inú rú níbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi oúnjẹ lò ó, inú á sábà fara balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Nọ́ńbà tó ń sọ èdè méjì

Ká ní ọmọ tó wà ní London ra míṣíìnì ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bàbá yẹ ara wọn wò, wọ́n rí 9.4, wọ́n dúpẹ́ pé ṣúgà àwọn ti já wálẹ̀ láti 170. Kò já rárá. 9.4 náà ni 169. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi mmol/L ka ṣúgà, Amẹ́ríkà ń fi mg/dL kà á, ní Nàìjíríà, tibi tọ̀hún la ń lò: ìwé tí ilé àyẹ̀wò kọ lè jẹ́ ọ̀kan, kí míṣíìnì ilé jẹ́ ìkejì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà dáadáa, ó máa ń kọ èyí tó ń lò síbẹ̀. Bí ẹ bá fi 18 sọ mmol/L di púpọ̀, mg/dL lẹ máa rí. 4 jẹ́ 72, 7 jẹ́ 126, 10 jẹ́ 180. mg/dL ni mo ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ni màá máa lò lọ.

Ohun kejì tó ń da èèyàn láàmú ni pé nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ ní àìsàn náà yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́ kí ẹ máa wà lẹ́yìn tí ẹ ti ní in. Kí dókítà tó sọ pé ìtọ̀ ṣúgà ni, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára yín láìjẹun láti òru gbọ́dọ̀ tó 126 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí àyẹ̀wò ìgbàkígbà tó 200 pẹ̀lú òùngbẹ àti ìtọ̀ àtọ̀ìdá, tàbí kí èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c tó 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá sí àmì kankan lára, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe kí wọ́n tó fẹnu kò. Ilé àyẹ̀wò ló ń ṣe èyí. Míṣíìnì ilé kì í fún èèyàn ní orúkọ àìsàn.

Lẹ́yìn tí orúkọ bá ti wà, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà máa ń fẹ́ fún àgbàlagbà ni pé kí ó wà láàárín 80 sí 130 kí ẹ tó jẹun, kó má sì tó 180 ní nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, kí HbA1c wà lábẹ́ 7. Ti aboyún le jù bẹ́ẹ̀. Ti arúgbó tó ní àìsàn mìíràn lára máa ń rọ̀ díẹ̀, nítorí kí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ jù lóru léwu fún un ju kó ga díẹ̀ lọ. Torí náà, ẹ bèèrè tiyín. Ẹ má yá ti aládùúgbò lò.

HbA1c yìí tọ́ sí àlàyé díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa kọ̀ọ̀kan ń gbé inú ara fún nǹkan bí 120 ọjọ́, ṣúgà sì ń lẹ̀ mọ́ ọn ní gbogbo àsìkò yẹn. Ohun tí àyẹ̀wò yìí ń wò ni iye tó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àárín oṣù méjì sí mẹ́ta ló ń sọ, nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe lè fi ọjọ́ mẹ́ta sá fún oúnjẹ kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn kó má ríi yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá fi sọ́kàn: jẹ́nótáìpù. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tó jẹ́ SS kì í pẹ́ nínú ara, ṣúgà ò ní ráyè lẹ̀ mọ́ ọn púpọ̀, HbA1c rẹ̀ á máa dára lójú ìwé nígbà tí ṣúgà rẹ̀ ò dára. Ẹni tó jẹ́ AS náà, àwọn ọ̀nà àyẹ̀wò kan máa ń ṣì í kà. Bí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, nọ́ńbà náà ò ṣeé gbára lé. Ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín fún wọn kí wọ́n tó gbẹ́jẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, ọ̀rọ̀ máńgòrò ti kọ́ yín ní ìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún. Àárín orí ìka ni a fi ń di nǹkan mú, ibẹ̀ ló sì ń dunni jù. Ẹ máa pààrọ̀ ìka. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá yọ, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wà nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì rọra fà á láti ìdí ìka wá sórí. Ẹ má fún un bí ẹni ń fún ọsàn, omi ara á pò mọ́ ẹ̀jẹ̀.

Sítíríìpù míṣíìnì kan ò lè bá òmíràn ṣiṣẹ́, kódà bí ó bá wọ ihò rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ máa dé ike rẹ̀ ní kíá tí ẹ bá ti yọ ọ̀kan, ẹ má fi í sínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn, ẹ má fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kí ẹ tó sanwó. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń gún ìka, ẹnì kan ṣoṣo ló ni ín. Ọkọ àti ìyàwó ò gbọdọ̀ jọ lò ó, nítorí àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B (hepatitis B) ń gba ibẹ̀ ran èèyàn.

Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, tí ẹ rí 142, tí ẹ tún rí 155, míṣíìnì yín ò tíì bàjẹ́. Òfin àgbáyé tó de míṣíìnì wọ̀nyí gbà á láàyè kó fi nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti ilé àyẹ̀wò.

Ìgbà wo ló yẹ kí èèyàn yẹ̀ ẹ́ wò? Sítíríìpù wọ́n, mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á máa yẹ ti àárọ̀ nìkan wò lójoojúmọ́ títí ike kan á fi tán, wọn ò sì ní mọ ohun tí oúnjẹ kankan ń ṣe nínú ara wọn. Èmi gbà pé owó ń ṣòfò níbẹ̀. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ nílé wa ni àyẹ̀wò oníbejì: ọ̀kan kí ẹ tó jẹun, ìkejì ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Ẹ ka wákàtí náà láti òkèlè àkọ́kọ́, ẹ má kà á láti ìgbà tí ẹ ṣan ọwọ́. Oúnjẹ tí ẹ ń jẹ jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ìwé kékeré tí màmá mi ń kọ ọ́ sí wà níwájú mi báyìí. Ọjọ́ Ajé kan: "Àmàlà ọ̀sán, bí mo ṣe máa ń jẹ ẹ́. Ṣáájú 118. Lẹ́yìn 231." Ó fi 113 gbéra. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ Ajé náà: "Àmàlà ìdajì, ewédú àti gbẹ̀gìrì rẹpẹtẹ, ẹja méjì, mo rìn dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta, mo sì padà. Ṣáájú 121. Lẹ́yìn 166." Àmàlà kan náà, ìyá kan náà. Ó fi 45 péré gbéra. Ọjọ́ yẹn ni màmá mi sọ̀rọ̀ tó tù mí lára jù láti ìgbà tí àìsàn yìí ti wọlé: "Nítorí náà mo ṣì lè máa jẹ àmàlà mi."

Bí metformin nìkan bá ni oògùn yín, ó ṣeé ṣe kí dókítà sọ pé ẹ ò nílò kí ẹ máa gún ìka lójoojúmọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ níbẹ̀, ṣe fún àwọn dókítà ò sọ pé kí wọ́n máa fún gbogbo ẹni tó ní oríṣi kejì ní sítíríìpù. Àwọn tó ń gba insulin, àwọn tó ń lo oògùn tó lè já ṣúgà wálẹ̀ jù, àti àwọn aboyún ló ṣáájú níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún tí wọn ò fún ní sítíríìpù, ẹ má rò pé wọ́n fojú pa yín rẹ́. HbA1c ni wọ́n fi ń tọ́jú yín. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín láti fi mọ bí ẹ̀bà ṣe ń ṣe yín, kò burú.

"Mi ò jẹun lálẹ́, kí ló gbé e sókè láàárọ̀?"

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyí. Ẹ̀dọ̀ inú wa jẹ́ àká. Ó ń tọ́jú ṣúgà pamọ́, bí ilẹ̀ bá sì ti ń mọ́ bọ̀, ara á sọ fún un pé kó tú díẹ̀ sílẹ̀ kí a lè rí agbára dìde. Lára ẹni tí insulin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, èyí ò hàn. Lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, á hàn. Ẹ lè sùn ní 125 kí ẹ jí ní 150, láìjẹ èèpo ẹ̀pà kan. Ẹ má fi ebi pa ara yín nítorí ìyẹn, ebi ò ní tì í sílẹ̀. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, dókítà lè ṣàtúnṣe sí oògùn tàbí aago tí ẹ ń lò ó.

Abọ́ wa

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún màmá mi, wọ́n fún wọn ní ìwé kan tí wọ́n kọ "òkèlè: rárá, ẹ̀wà: bẹ́ẹ̀ni" sí. Wọ́n jẹ ẹ̀wà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n jókòó ti ẹ̀bà tó tó orí ọmọ tuntun, wọ́n sì ń sunkún bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́. Ohun tó ń pẹ́ ni èyí tó jọ oúnjẹ tí a ti ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú irọ́ kan. Wọ́n ní àmàlà ò ní ṣúgà nínú, pé dúdú ni. Àmàlà iṣu jẹ́ iṣu, bí iyán ṣe jẹ́ iṣu. Ẹ̀bà, láfún àti fùfú, ẹ̀gẹ́ ni gbogbo wọn. Wítì, ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, sẹmó: sítáàṣì ni gbogbo wọn ń di nínú ikùn, sítáàṣì sì ń di ṣúgà. Òótọ́ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ń rọra yọ́ ju èyí tó ti pọ́n lọ. Àmọ́ bí ẹ bá ro ẹ̀lùbọ́ rẹ̀ kún abọ́ nítorí pé "ti oníṣúgà ni," ṣúgà yín á ga bí ẹni pé ẹ jẹ iyán. Ìwọ̀n ló ṣe pàtàkì ju orúkọ òkèlè lọ.

Báwo la ṣe ń wọn òkèlè láìlo òṣùwọ̀n? Ẹ di ìkúùkù yín. Òkèlè tàbí ìrẹsì tàbí iṣu tí ó tó ìkúùkù kan, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí àyẹ̀wò oníbejì sọ bóyá ara yín gbà á tàbí kò gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹ pín abọ́ sí mẹ́rin: ìdá kan òkèlè, ìdá kan ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà, ìdá méjì tó kù ẹ̀fọ́. Mo mọ̀ pé a kì í jẹun báyìí. Òkèlè ló máa ń dà bí òkè Olúmọ, tí ọbẹ̀ á wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí omi kòtò. A gbọ́dọ̀ yí i padà: kí ẹ̀fọ́ rírò, ilá tàbí ewédú kún abọ́, kí òkèlè wá jẹ́ ohun tí a fi ń kó o. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí ẹ tó bu òkèlè àkọ́kọ́. Ìwádìí ti fi hàn pé bí èèyàn ṣe tò ó yẹn nìkan kì í jẹ́ kí ṣúgà gbéra tó bó ṣe yẹ kó gbéra. Bí ẹ bá sì jẹun tán, ẹ má tètè jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, iṣan ẹsẹ̀ á máa fa ṣúgà wọlé.

Ẹ̀wà dára nítorí pé ó ń rọra yọ́, ó sì ní èròjà tó ń gbé ara ró. Mọ́ínmọ́ín dára bákan náà. Ẹ̀wà àgọ̀nyìn fúnra rẹ̀ ò níṣòro púpọ̀ bí ẹ bá dín epo rẹ̀ kù. Búrẹ́dì àgége gígùn tí a fi ń jẹ ẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ̀wà pẹ̀lú dòdò tó pọ́n dáadáa náà rí bẹ́ẹ̀, dòdò ló ń sáré níbẹ̀.

Ohun mímu ló tètè ń gbé ṣúgà sókè ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí kò nílò jíjẹ lẹ́nu, ikùn ò sì ní í dá a dúró. Mínírà, mọ́ọ̀tì, júùsì inú páálí. Mọ́ọ̀tì pàápàá, tí a máa ń rà fún aláìsàn lọ́nà pé ó ń fún ẹ̀jẹ̀ lókun: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ mú ẹyin lọ. Ọ̀gì àti kókò náà jẹ́ ohun mímu, pàápàá tí ṣúgà àti mílíìkì bá wọ inú rẹ̀. Ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín sàn jù ú lọ. Gààrí mímu, tí a bu ṣúgà kúùbù mẹ́ta sí, pẹ̀lú omi tútù lọ́sàn-án, mo mọ bó ṣe máa ń dùn tó. Bí ẹ ò bá lè fi í sílẹ̀, kí gààrí kéré, kí ẹ̀pà pọ̀, kí ṣúgà má sí níbẹ̀.

Oyin jẹ́ ṣúgà. Ó dùn mí láti sọ ọ́, nítorí a fi oyin ń tọrọ fún ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n kòkòrò tó ṣe é ò yí ohun tó ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ padà. Dàbínù lílọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Bísíkíìtì tí wọ́n kọ "kò sí ṣúgà" sí lára, ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹ̀fun sì jẹ́ sítáàṣì. Èso, ẹ jẹ ẹ́ lódindi: ọsàn kan pẹ̀lú ẹran ara rẹ̀, ègé ìbẹ́pẹ kan, ìdajì máńgòrò. Ọsàn mẹ́fà tí a fún sínú ife kan jẹ́ nǹkan mìíràn.

Ewúro ńkọ́? Ẹ máa jẹ ẹ́, ewébẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n àgbo tí wọ́n tà fún yín nínú ike, kò sẹ́ni tó mọ iye ohun tó wà nínú ife kan. Bí ó bá já ṣúgà wálẹ̀ ní tòótọ́, tí ẹ tún lo oògùn ilé ìwòsàn mọ́ ọn, ó lè já a kọjá ààlà. Bí ẹ bá ń lo nǹkan kan, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìbẹ̀rù, ẹ má sì torí rẹ̀ dá oògùn dúró.

Ìròyìn kan wà tó yẹ kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára rẹ̀ gbọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní DiRECT, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017. Àwọn tí ara wọn tóbi, tí àìsàn náà ò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ lára wọn, ni wọ́n ràn lọ́wọ́ láti fọn gidigidi pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ń wọ̀n. Lẹ́yìn ọdún kan, 46 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ṣúgà wọn ti padà sí ibi tí kò nílò oògùn mọ́. Abẹ́ àbójútó ni wọ́n ti ṣe é, ẹ má fi ara yín sí irú ebi bẹ́ẹ̀ láìsọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìgbà tó ṣì jẹ́ tuntun yìí gan-an ni ìsapá máa ń so èso jù.

Nígbà tí ó bá já wálẹ̀ jù

Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù ṣúgà tó ga. Èyí tó wálẹ̀ jù ló ń tètè pani. Metformin nìkan kì í sábà ṣe é. Insulin ń ṣe é, glibenclamide tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil ń ṣe é, glimepiride náà ń ṣe é, àgàgà bí ẹ bá lo oògùn tí ẹ ò jẹun. Òógùn tútù, ara gbígbọ̀n, ebi òjijì, àyà lílù kìkì, kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò lórí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ó bá ti wà lábẹ́ 70, ẹ po ṣúgà kúùbù mẹ́rin sínú omi kí ẹ mu ún, tàbí ìdajì ife mínírà gidi. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ oúnjẹ díẹ̀. Ẹ̀pà àti ẹran ò wúlò nírú àkókò yẹn, wọ́n lọ́ra jù. Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, á gba ọ̀nà ọ̀fun sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dà á dé ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Mo bẹ ẹ̀yin ará ilé. Bí bàbá bá ń sọ kántankàntan lóru, tí òógùn bò wọ́n, tí wọn ò dá yín mọ̀, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá fún àdúrà tàbí kí ẹ sọ pé ọwọ́ ayé ni, ẹ gún ìka wọn. Ìṣẹ́jú kan ni yóò gbà yín. Àdúrà lè tẹ̀lé e.

Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀, ìbáà jẹ́ Ramadan tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, nítorí aago àti ìwọ̀n oògùn á yí padà. Bí ó bá já sí abẹ́ 70 láàárín ààwẹ̀, kí ó ṣínu lójú ẹsẹ̀. Gígún ìka kì í ba ààwẹ̀ jẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn ààfáà ṣe sọ.

Lápá kejì, bí ó bá lé ní 300 tí kò sì wálẹ̀, tí èébì, inú rírun tàbí mímí sókè-sódò bá tẹ̀lé e, ẹ má dúró di àárọ̀. Ilé ìwòsàn ni.

Bí ojú yín bá ń ṣú bàìbàì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ má sáré lọ ra dígí tuntun. Bí ṣúgà ṣe ń yí padà ni ẹyinjú náà ń yí ìrísí padà, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó fìdí múlẹ̀. Àyẹ̀wò inú ojú gangan yàtọ̀ sí ti dígí. Dókítà ojú ló ń ṣe é, ẹ sì bèèrè fún un nísinsìnyí, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Nígbà kan náà, ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò nítorí kíndìnrín, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Ẹ mú ìwé kékeré náà dání lọ, èyí tí ẹ kọ ọjọ́, aago, oúnjẹ, nọ́ńbà ṣáájú àti nọ́ńbà lẹ́yìn sí. Màmá mi máa ń fi tiwọn sínú àpamọ́wọ́ kan náà pẹ̀lú káàdì ilé ìwòsàn, wọ́n á sì ṣí i síwájú dókítà kí ó tó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan.